Rímù ínṣì 17 lábẹ́ Ìjàpá? Mú téèpù ná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Mẹkáníìkì. Volkswagen Ìjàpá ọdún 1977 ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò ní Èkó. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti dáa, a sì ti kùn ún lọ́dà, táyà rẹ̀ nìkan ló gbó. Fọkanáísà àdúgbò wa ní kí n ta àwọn rímù irin rẹ̀ fún àwọn onírin àlòkù, pé òun á fi adápútà gbé rímù álọ́ì ínṣì 17 sí i pẹ̀lú táyà 205/40. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kàn ra táyà Corolla, 195/65R15, sórí rímù tó wà níbẹ̀, torí ínṣì 15 ni òun náà. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? — Òǹkàwé, Òṣogbo

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kówó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Má gbọ́ ti ìkankan nínú àwọn méjèèjì, àmọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì sàn díẹ̀. Ara Ìjàpá ni mo ti kọ́ṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá, mi ò sì tíì rí èyí tí rímù ńlá yẹ. Bí i pé wọ́n fi bàtà bàbá wọ ọmọ ọwọ́ ló máa ń rí.

Mú téèpù, lọ tú ẹsẹ̀ kan. Tó bá jẹ́ ihò bóòtù mẹ́rin lo bá, wọ̀n láti àárín ihò kan dé àárín èyí tó dojú kọ ọ́: mílímítà 130 ni. Àwọn Ìjàpá àtijọ́ ní ihò márùn-ún, òbìrí tiwọn sì fẹ̀ dé 205. Rímù mọ́tò òde òní kì í wọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ìdí nìyẹn tí fọkanáísà rẹ fi ń dárúkọ adápútà. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sáàárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti rímù nìyẹn, á sì ti táyà síta níwọ̀n bó ṣe nípọn tó. Bíárínì á máa ru ẹrù tí wọn ò ṣe é fún, bí o bá sì yí sitíárì dópin, táyà iwájú á máa ha mọ́dígáàdì. Bóòtù tó lè tú lójú ọ̀nà náà ti di ìlọ́po méjì nìyẹn.

Wá wo gíga táyà. Nínú 165/80R15, 165 ni ìbú táyà ní mílímítà, 80 ni ìdá ọgọ́rùn-ún ìbú yẹn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga tó, 15 ni ínṣì rímù. Táyà 165/80R15, tó bá Ìjàpá rẹ mu, ga tó mílímítà 645 láti ilẹ̀ dókè. 205/40R17 kò ju 596 lọ, bí rímù rẹ̀ ṣe tóbi tó yẹn. Ọkọ̀ rẹ á fi bí ínṣì kan sún mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa yípo fi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní eré kan náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ iwájú apá òsì ló ń yí wáyà sípídómítà Ìjàpá. Wo ideri kékeré àárín ẹsẹ̀ yẹn, wàá rí wáyà náà níbẹ̀. Bí táyà bá kúrú, nígbà tí aago bá ní 80 lò ń sá, 74 péré ni. Lẹ́yìn náà ni ihò ojú pópó: ẹ̀gbẹ́ táyà 165/80 ga tó mílímítà 132, ti 205/40 jẹ́ 82. Ìwọ lo mọ ọ̀nà tí ò ń gbà lójoojúmọ́.

Ti ẹ̀gbọ́n rẹ wá ńkọ́? 195/65R15 ga tó 634 àti ààbọ̀, kò jìnnà sí ti ilé iṣẹ́. Ìbú rímù ló kù sí. Fọ rímù rẹ dáadáa, wàá rí i tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára irin: 4½J x 15. Ínṣì 4½ ni ìbú rẹ̀ nìyẹn. Táyà 195/65 ń fẹ́ rímù tó fẹ̀ tó ínṣì 5½ sí 7. Tí o bá fipá kì í sórí 4½, ikùn rẹ̀ á yọ síta, ètè rẹ̀ ò ní jókòó dáadáa, àárín rẹ̀ á máa jẹ, tí o bá sì gba kọ́nà, ara ọkọ̀ á máa mì lógbòólógbòó lórí rẹ̀. Pé iye ínṣì méjèèjì dọ́gba kò tó.

Ra 165/80R15, tàbí 155/80R15 tí o bá fẹ́ kí sitíárì fúyẹ́. Ó le rí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Láti ìgbà tí Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop ní Ìkẹjà náà sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó ń tà kíákíá ni àwọn oníṣòwò ń kó wọlé, ti Ìjàpá ò sì sí nínú wọn. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá ọ wá a. Má gba "èyí náà jọ ọ́" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí ó bá jẹ́ dandan kí ìdí ọkọ̀ fẹ̀ díẹ̀, wá rímù 5½J oníhò mẹ́rin, 130, kí o fi 195/65 sẹ́yìn nìkan, kí iwájú wà ní 165. Gbé ọkọ̀ sórí jáàkì kí o tó sanwó, yí ẹsẹ̀ náà, sọ ọ́ kalẹ̀, kó èèyàn sẹ́yìn, kí o tún wò ó bóyá ó ń ha nǹkan.

Táyà sípíà náà ńkọ́? 165 ló máa wọ ààyè rẹ̀ ní búùtù iwájú. Afẹ́fẹ́ inú sípíà yẹn kan náà ló ń ti omi tó ń fọ gíláàsì, nítorí náà má jẹ́ kí wọ́n tú ọ̀pá rẹ̀ dànù pé kò wúlò. Èmi fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn ju ohunkóhun lọ nínú ọkọ̀ náà.

Bóòtù: orí ti rímù irin rẹ rí roboto níbi tó ti jókòó. Ọ̀pọ̀ rímù álọ́ì ń fẹ́ èyí tó rí ṣóńṣó. Má ṣe pa wọ́n pọ̀, á tú.

Afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn jù. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, nítorí náà PSI 18 ni iwájú, 27 ni ẹ̀yìn, fún táyà rádíà, ìyẹn èyí tó ní lẹ́tà R nínú ìwọ̀n rẹ̀. Fọkanáísà wa á fi 35 kún gbogbo rẹ̀ kí o tó sọ̀rọ̀, á tún ní òun ṣe ọ́ lóore. Tí iwájú bá le bẹ́ẹ̀, sitíárì á máa fò lọ́wọ́ rẹ. Tí ti ẹ̀yìn bá sì rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ ṣáájú orí ní kọ́nà. Ra gééjì tìrẹ, fi sínú ọkọ̀.

Ìbéèrè: Mo rí táyà 165R15 mẹ́rin tókúnbọ̀, ojú wọn ṣì jinlẹ̀, owó wọn sì dáa. Wọ́n kọ 2311 sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ṣé kí n rà á? — Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdáhùn: Rárá. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2011 ni wọ́n ṣe wọ́n. Ọdún mẹ́rin ni àjọ FRSC ń fún táyà. Ojú tó jinlẹ̀ kò sọ pé rọ́bà inú rẹ̀ kò tíì gbẹ. Tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, wo ìlà tínínrín tó máa là. Túùbù tí wọ́n bá kì sínú rẹ̀ ò ní sọ ọ́ di tuntun. Ìwọ̀n 165R15 fúnra rẹ̀ dára, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí 165/80R15. Wá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ìbéèrè: Táyà 5.60-15 méjì ti ayé ìgbàanì wà ní ṣẹ́ẹ̀dì wa, kò sí lẹ́tà R lára wọn. Ṣé mo lè fi wọ́n síwájú, kí rádíà wà lẹ́yìn? — Òǹkàwé, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ọgbẹ́ni, táyà tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan títì mọ́. Tí ó bá tilẹ̀ jẹ́ tuntun, irú kan náà ni kó wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí bí rádíà ṣe ń di ilẹ̀ mú yàtọ̀ sí ti èyí. Jẹ́ kí wọ́n wà ní ṣẹ́ẹ̀dì.