Ẹ̀dọ̀ òjòlá mi tóbi: ṣé àìsàn ni?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Òjòlá kan ni mò ń sìn. Ọjọ́ kẹta tó gbé ehoro mì ni wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, wọ́n ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tóbi, ọ̀rá sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣé kí n fi ebi pa á ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ebi pa á. Ọjọ́ kẹta tí ẹ dárúkọ yẹn ni mo dì mú. Láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ni ẹ̀dọ̀ òjòlá máa ń tóbi jù.

Òjòlá lè lo oṣù mélòó kan láìjẹun. Nígbà náà, ìfun rẹ̀ á tín-ín-rín, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ náà á sì rù. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ò kú o, ṣe ni wọ́n sún kì, torí ara ti ń fa ṣúgà àti ọ̀rá tó wà nípamọ́ nínú wọn lò. Bó bá wá gbé ẹran mì, ara á jí. Nínú òjòlá Burma, tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò dáadáa, agbára tí ara ń ná lè di ìlọ́po 40 bí oúnjẹ bá tóbi. Ọkàn lè fi ìdá 40 nínú 100 tóbi sí i láàárín ọjọ́ 2, ẹ̀dọ̀ sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọ̀rá inú oúnjẹ ló ń wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ lọ tó fi ń wú. Bíi ọjọ́ 10 sí 14, á ti padà sípò. Bí ibi tó wà bá tutù, á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí èsì àyẹ̀wò tí wọn ò kọ ọjọ́ tí ejò jẹun kẹ́yìn sí. Láìsí ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè túmọ̀ ẹ̀dọ̀ ejò.

Ní báyìí, omi nìkan ni kí ẹ fún un, ìyẹn kì í ṣe fífi ebi pa á, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni; kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 tó ti jẹun. Bí òróòro rẹ̀ bá kún nígbà yẹn, kò séwu: bẹ́ẹ̀ ló ń rí nínú ejò tí kò jẹun. Àmọ́ bí ẹ̀dọ̀ bá ṣì tóbi, tó sì ń mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú àwòrán àyẹ̀wò, àìsàn ọ̀rá ẹ̀dọ̀ ṣeé ṣe, pàápàá fún ejò tó sanra tí kì í rìn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù, kí ẹ sì jẹ́ kí àárín oúnjẹ kan sí èkejì jìn díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ká oúnjẹ lẹ́nu ejò tó sanra lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rá ara rẹ̀ á tún ya wọ ẹ̀dọ̀ ni. Tó bá pọ ehoro yẹn jáde kí ọ̀sẹ̀ 3 tó pé, ẹ gbé e padà lọ kíákíá.