Họ́sítà Kò Rí Oorun Sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè: Màmá Ọlọ́gbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Jámánì ló mú gbòǹgbò òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní họ́sítà wá fún mi nígbà tó wá ṣọdún ní 2022. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa ni mo gbìn ín sí. Lọ́dún àkọ́kọ́, ewé rẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń béèrè orúkọ rẹ̀. Lọ́dún kejì, ó kéré. Ní báyìí, ewé mẹ́ta péré ló kù, kò sì sí èyí tó tóbi ju ṣíbí ìmukọ lọ nínú wọn. Mo ti bu ìgbẹ́ adìẹ sí i, mo ti tú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, mò ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyá ọkọ mi ní ojú ayé ló wọ̀ ọ́. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ìbejì, Tákié, Ògbómọ̀ṣọ́.

Èsì: Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí ìyá o. Ẹ sọ fún wọn pé ojú ayé kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àìsùn ló ń pa họ́sítà yín.

Ẹ wo iṣu. Tí a bá wa iṣu tuntun tán, ẹ máa bomi lé e lórí títí ilẹ̀ fi máa ṣú, kò ní hù. Oorun ló ń sùn. Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ló fi ń sinmi, tí òjò bá sì kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ ò ní gbìn ín kó tó yọ ọ̀mùnú fúnra rẹ̀. Họ́sítà náà a máa sùn, àmọ́ òtútù ló ń gbé tirẹ̀ sùn. Japan, Korea àti China ni ilé rẹ̀. Dókítà ará Jámánì kan, Siebold, ló kó oríṣiríṣi rẹ̀ kúrò ní Japan lọ sí Yúróòpù ní nǹkan bí ọdún 1829, nítorí náà àbúrò ọkọ yín kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó gbé e rìnrìn àjò. Lọ́hùn-ún, tí òtútù bá dé, ewé rẹ̀ á pọ́n, á kú tán pátápátá, ìdí rẹ̀ nìkan lá wà nínú ilẹ̀. Bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sókè ló fi ń wà bẹ́ẹ̀ nínú òtútù tó tó ti inú fíríìjì, ìwọ̀n 4 tàbí 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó tó lè jí pẹ̀lú agbára.

Ọyẹ́ tiwa ńkọ́? Ó ń la ètè wa, ó ń mú wa wọ súwẹ́tà láàárọ̀, àmọ́ kò tó ti fíríìjì, tó bá sì di ọ̀sán, oòrùn á tún máa ta wá lórí. Ewé ńlá tí ẹ rí lọ́dún àkọ́kọ́, oúnjẹ tó ti kó sínú gbòǹgbò láti Jámánì ló ń ná. Ó ná an tán, kò rí òmíràn kó jọ.

Ẹ dá ìgbẹ́ adìẹ yẹn dúró, ó lè jó ìdí rẹ̀. Omi ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ náà pọ̀jù fún ewé mẹ́ta.

Ojú mi ti rí i rí ni mo fi ń sọ ọ́. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rẹ́ mi kan mú họ́sítà méjì wá fún mi. Mo ti kà á pé àwọn tó ń gbé ní ilẹ̀ tó móoru máa ń wú ìdí rẹ̀, wọ́n á sì tì í sínú fíríìjì kó lè sùn. Lóṣù Kejìlá, mo wú u, mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù, mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo fi sínú ọ̀rá, mo sì tì í sí ìsàlẹ̀ fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátì. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iná fi lọ, ó sì lo ọjọ́ márùn-ún kó tó dé. Ta ló máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí òdòdó? Nígbà tí mo tú ọ̀rá náà, ọkọ mi sáré wọ ilé ìdáná, ó ní ẹja wo ló bàjẹ́.

Tí iná tiyín bá dúró ju tèmi lọ, ẹ dán an wò, kí ẹ ṣáà má fi sí apá ibi tó ń di yìnyín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí, màá ní kí ẹ jẹ́ kó lọ ní àlàáfíà. Ẹ sì sọ fún àbúrò ọkọ yín kó má tún mú òmíràn wá láìgba ìwé àṣẹ. Kòkòrò àti àrùn máa ń bá gbòǹgbò wọ̀lú, ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí màá gbìn síbẹ̀ ni lẹ́fúnlọ́sùn, èyí tí àwọn tó ń ta òdòdó ń pè ní caladium. Ewé rẹ̀ rí bí ewé kókò, funfun, pupa àti ewéko tútù pọ̀ lára rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ibòòji bíi ti họ́sítà. South America ló ti wá, àmọ́ oorun rẹ̀ bá tiwa mu, torí pé ó ń sùn bí iṣu. Tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ gbin iṣu rẹ̀ kéékèèké sínú ilẹ̀ tó jìn tó oríkèé ìka méjì, kí ẹ po ewé jíjẹrà mọ́ ilẹ̀ náà. Ẹ má gbìn ín mọ́ ìdí máńgòrò gan-an, gbòǹgbò igi yẹn á bá a du omi, ẹ jìnnà sí i díẹ̀. Nígbà tí òjò bá lọ, tí ewé ń pọ́n, ẹ má ṣe bẹ̀rù, ẹ má sì bomi rin ín mọ́. Ẹ wú u, ẹ sá a síbi tí oòrùn kò ti ní pa á, kí ẹ bò ó sínú yanrìn gbígbẹ títí di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ má gbé èyí lọ sí fíríìjì o! Òtútù tó ń gbé họ́sítà sùn, òun ló ń pa lẹ́fúnlọ́sùn. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ìbejì náà kí wọ́n má fi ewé rẹ̀ sẹ́nu, ó ń yún ẹni lọ́fun ju kókò lọ.

Tó bá jẹ́ ewé gbàgàdà tútù yẹn gan-an lẹ fẹ́, ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín wà níbẹ̀. Tèmi wà lẹ́yìn balùwẹ̀, omi ìwẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn pa á. Ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa tó bá so, èso pupa ibẹ̀ dùn ju ṣúgà lọ.

Ìbéèrè: Ìgbín wẹẹrẹ àti èyí tí kò ní ìkarahun ti lu ewé òdòdó mi bí asẹ́. Ṣé kí n da iyọ̀ sílẹ̀? — Bàbá Táyọ̀, Ọ̀yọ́.

Èsì: Rárá o, Bàbá Táyọ̀. Iyọ̀ á ba ilẹ̀ yín jẹ́ kó tó pa wọ́n tán. Eérú ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, àmọ́ òjò kan péré ló máa gbá a lọ. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ lẹ́yìn òjò, kí ẹ ṣà wọ́n sínú ike omi ọṣẹ. Ẹ tún wo abẹ́ pákó àti abẹ́ ìkòkò òdòdó lọ́sàn-án, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá sí. Aládùúgbò mi kan ri abọ́ bíà mọ́lẹ̀, ó kún fún wọn nígbà tó fi máa di àárọ̀. Èmi ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi kò lè dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ọlọ́tí torí ìgbín, tọ́ọ̀ṣì ni mo ń lò.

Ìbéèrè: Màmá, akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mí. Oòrùn kì í dé fàráńdà yàrá mi ní Under G. Kí ni mo lè gbìn sínú garawa ọ̀dà tó ṣófo? — Ṣẹ́gun.

Èsì: Ọmọ mi, gbin lẹ́fúnlọ́sùn tí mo sọ lókè yẹn. Tí owó kò bá sí, rinrin tó ń hù lẹ́bàá kànga kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Fọ ọ̀dà ibẹ̀ kúrò dáadáa, kí o sì lu ihò mẹ́rin sí ìdí garawa náà kí o tó bu iyẹ̀pẹ̀ sí i.