Ṣé oòrùn ń kó ọ̀rá inú koríko lọ?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbò mẹ́fà ni mo ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé mi ní ojú ọ̀nà Ṣágámù, ní Ìkòròdú. Mo máa ń gé eèsún nígbà òjò, mo sì ń sá a sóòrùn kí wọ́n lè rí i jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Aládùúgbò mi kan ní bí omi inú koríko ṣe ń gbẹ ni ọ̀rá inú rẹ̀ náà ń bá a lọ, àti pé ìdí nìyẹn tí àwọn àgbò mi kì í fi í sanra. Ṣé òótọ́ ni?
Ọlọ́sìn àgbò, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tó fojú sí.

Ọ̀rá kì í bá omi lọ. Omi ni bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún koríko tútù. Bí ó bá sì gbẹ tán, ọ̀rá inú 100 kílò rẹ̀ kì í sábà ju kílò 2 sí 4 lọ. Inú ewé ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà, igi eèsún kò fi bẹ́ẹ̀ ní in. Nínú ewé tútù, irú èyí tí wọ́n ń pè ní omẹ́gà-3 máa ń ju ìdajì ọ̀rá náà lọ, òun gan-an ló sì tètè ń bàjẹ́.

Koríko tí ẹ gé kì í kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀, ìyẹn àwọn èròjà tó ń mú kí nǹkan inú ewé yí padà, ṣì ń ṣiṣẹ́: àwọn kan ń tú ọ̀rá náà, àwọn mìíràn ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ bà á jẹ́. Òórùn tó máa ń gba imú yín nígbà tí àdá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lára koríko, ọ̀rá tó ń fọ́ ni. Àfi bí koríko bá gbẹ ni iṣẹ́ yìí tó ń dáwọ́ dúró. Nítorí náà, eèsún tí òjò ń pa lórí ìsásí máa ń pàdánù ju èyí tó yára gbẹ lọ, omẹ́gà-3 tó sì ń ṣòfò lè ju ìdajì lọ. Ẹ gbé ìdì kan sókè, kí ẹ gbọ̀n ọ́n: ewé tó rún sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yẹn, ọ̀rá ló ń dà nù. Ẹ gé eèsún nígbà tó ṣì rọ̀, kí ẹ gé igi rẹ̀ kékèké kó lè tètè gbẹ, kí ẹ sì máa yí i padà láàárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, kí ewé má baà rún.

Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni kò jẹ́ kí àgbò yín sanra. Ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ kì í dúró de ọ̀rá inú koríko. Àwọn kòkòrò tíntìntín inú ikùn rẹ̀ ló ń sọ koríko di ohun tí ara rẹ̀ fi ń ṣe ọ̀rá tirẹ̀. Àwọn náà ló ń sọ púpọ̀ nínú omẹ́gà-3 di ọ̀rá líle, ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ọ̀rá àgbò máa dì lójú ọbẹ̀ tó bá tutù. Eèsún tó ti gbó kò ní púrótéènì tó. Ẹ fi ewé ẹ̀pà gbígbẹ àti eèrí ògì kún un, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà ẹran wò wọ́n bóyá aràn ló ń bá wọn jẹun.