Ẹgbẹ́ netball ńlá pe ọmọ mi: ṣé kó pa yunifásítì tì?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọbìnrin mi pé ọdún 18, ó ga dáadáa, netball ló ń gbá, eré tí wọ́n ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sínú òrùka. Ipò GS ló wà, ìyẹn ẹni tó ń dúró nítòsí òrùka láti jù ú sáwọ̀n. Ẹgbẹ́ kan nínú líìgì ńlá kọ̀wé sí i pé kó wá máa bá àwọn gbára dì, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò tíì sí lára àwọn tí wọ́n bá ṣàdéhùn kíkún. Yunifásítì náà ti gbà á wọlé. Ó ní bọ́ọ̀lù lòun fẹ́, bàbá rẹ̀ sì fárí gá. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá ọmọ, mà. Kó lọ bá wọn gbára dì, kó má sì fi yunifásítì sílẹ̀. Ó lè dà bíi pé ṣe ni mo fẹ́ tẹ́ ìdílé yín lọ́rùn lódindi, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyẹn.

Super Netball ti Ọsirélíà ni líìgì tó lówó lọ́wọ́ jù. Ẹgbẹ́ 8 ló wà níbẹ̀, ẹni 10 sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń bá ṣàdéhùn kíkún. Ẹni 80 péré nìyẹn, àwọn ọ̀gá láti Jàmáíkà àti Ẹ̀ńgílándì sì ti gba àyè nínú rẹ̀. Owó líìgì New Zealand àti ti Ẹ̀ńgílándì kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá a níbẹ̀ ló ní iṣẹ́ mìíràn tàbí tó ṣì ń kàwé. Kódà, Ọsirélíà gba Ife Àgbáyé ní Cape Town lóṣù Kẹjọ ọdún 2023, àdéhùn owó àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn sì parí lóṣù tó tẹ̀ lé e. Títí wọ inú oṣù Kejìlá ni wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ àjọ tó ń darí netball wọn lọ́wọ́, láìsí owó oṣù. Ẹni tó gba ife àgbáyé o!

Gíga ọmọ yín yóò ṣílẹ̀kùn fún un. GS àti GA, ìyẹn ẹnì kejì rẹ̀ níwájú, nìkan ló lè ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, àwọn ẹgbẹ́ sì ń wá ẹni gíga kiri ayé: Jhaniele Fowler, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mítà méjì, gbéra ní Jàmáíkà, ó gba New Zealand kọjá, ó dé Perth ní Ọsirélíà. Àmọ́ láti ọdún 2020, bí ó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí ìdá kọ̀ọ̀kan nínú ìdá mẹ́rin eré parí nínú Super Netball, àmì méjì ni wọ́n ń fún ẹni tó bá jù ú sáwọ̀n láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí kò mọ̀ ju kó dúró sábẹ́ òrùka lọ lè dẹni tí kóòṣì ń yọ nígbà yẹn. Kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jù ú láti òkèèrè.

Orúnkún rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú jù. Nínú netball, ẹni tó bá hán bọ́ọ̀lù kò lè gbé e sáré. Tó bá gbé ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ fi balẹ̀ sókè, kò gbọdọ̀ fi í kanlẹ̀ mọ́ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ló sì ní. Ara tó ń sáré bọ̀ tipátipá gbọ́dọ̀ dúró gbagidi lórí ẹsẹ̀ kan. Èjìká ti yí síbi tó fẹ́ jù ú sí, ẹsẹ̀ ṣì kọjú síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀, orúnkún wà láàárín àwọn méjèèjì. Iṣan kan wà nínú rẹ̀ tó de eegun itan mọ́ eegun ojúgun. Mo ti wà létí pápá nígbà tó já. Ó dún bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ. Oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan ni ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jókòó sílé, àdéhùn ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ju ọdún kan tàbí méjì lọ.

Ẹ dán an wò nílé. Kó bọ́ sílẹ̀ láti orí àpótí tó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, kó sì tún fò sókè lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi fóònù ká a láti iwájú. Bí orúnkún méjèèjì bá ń wọlé bíi pé wọ́n fẹ́ kanra wọn, itan àti ìbàdí rẹ̀ kò tíì lágbára tó, kó sì wá ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú orúnkún kó tó lọ fò láàárín àwọn àgbà.

Kó tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi ẹgbẹ́ náà léèrè pé ta ni yóò sanwó ìtọ́jú bó bá ṣèṣe, nítorí wọn kì í sábà ṣètò fún ẹni tí kò sí nínú àwọn 10 bíi ti àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ bèèrè wákàtí ìgbáradì pẹ̀lú. Bó bá forí gbárí pẹ̀lú kíláàsì, kó mú lẹ́tà ẹgbẹ́ náà lọ sí yunifásítì, kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó fi ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣe iṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Kó lọ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ o, torí bí wọ́n bá ti ti ìwé ìforúkọsílẹ̀ pa, ẹ̀bẹ̀ á ṣòro.