Ẹgbẹ́ wo ni Douglas Clark gbá rugby league fún, báwo sì ni eré rẹ̀ ṣe lọ?

Huddersfield, ní Yorkshire lórílẹ̀-èdè England, ni Douglas Clark gbá rugby league (irú eré rugby kan tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní agbábọ́ọ̀lù mẹ́tàlá) fún láti 1909 títí di 1929, ó sì tún ṣojú Great Britain. Kì í ṣe ogún ọdún gbáko ló fi gbá a o, nítorí Ogun Àgbáyé Kìíní dá ìdíje dúró láti 1915 títí di 1919.

Agbègbè Maryport ní Cumberland ni wọ́n bí i sí ní 1891. Iwájú ló máa ń gbá, láàárín àwọn abarapá tó ń fi èjìká ti ara wọn. Ní sáà 1914 sí 1915, gbogbo ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nílẹ̀ ni Huddersfield gbà.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀ jù ni ti Sydney, July 1914, tí Great Britain na Australia ní 14 sí 6. Àtàǹpàkò rẹ̀ kọ́kọ́ ṣèṣe, ó dì í, ó ń gbá a lọ. Lẹ́yìn náà ni eegun tó so àyà mọ́ èjìká rẹ̀ dá. Kò sí ìpààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù nígbà náà, nítorí náà àwọn tó kù ló parí eré ọ̀hún.

Lójú ogun, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Military Medal, gáàsì olóró sì ṣe é léṣe gan-an. Síbẹ̀ ó padà sórí pápá, ó tún bá Great Britain lọ sí Australia ní 1920. Gídígbò náà kò gbẹ́yìn: ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ajàkadì ni. Ó kú ní 1951.