Kúmínì kì í bá òróró gbígbóná ṣeré

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, alásè wa. Mo ra kúmínì àti kọriáńdà, àwọn èròjà olóòórùn dídùn fún ọbẹ̀, kí n lè fi se ẹja epìyà bíi ti àwọn ará Íjíbítì. Mo fi wọ́n pa ẹja lára, mo jù ú sínú òróró. Ó dúdú, ó sì korò bí ewúro. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, pàápàá bí ẹja ṣe wọ́n lásìkò yìí. Kúmínì yín ló jóná. Èyí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná kì í pẹ́ jó nínú òróró, bó bá sì ti jó, kò sí ata tó lè bo kíkorò rẹ̀.

Inú ẹja ni àwọn ará Íjíbítì ń ti kúmínì sí. Ẹ gún ọmọ inú aáyù 5 pẹ̀lú iyọ̀, ẹ da kúmínì ṣíbí tíì 1 sí i, kọriáńdà ìdajì ìyẹn, ata gbígbẹ díẹ̀, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Ẹ fi ọ̀bẹ sá ẹja lára, kí ẹ fi ìka ti èròjà náà wọ ojú ọ̀bẹ àti inú ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ẹ nu ara rẹ̀, kí ẹ yí i nínú ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun ni yóò máa bá òróró jà.

Ní tèmi o, yíyan ló dùn jù. Èèrí àlìkámà ni wọ́n fi ń yan án níbẹ̀, radda ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í ha ìpẹ́ rẹ̀. Wọ́n á fi omi rin ẹja, wọ́n á yí i nínú èèrí títí yóò fi bò ó, ó di orí irin gbígbóná, láìsí ẹ̀kán òróró kan. Èèrí yóò dúdú bí èédú. Ẹ má jáyà. Bó bá ti jinná, kíá ni kí ẹ rì í bọ abọ́ omi iyọ̀ tí aáyù, kúmínì àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ṣàà! Awọ dúdú yẹn yóò bó, ẹran funfun inú rẹ̀ yóò sì ti mu omi náà.

Kọ́rì àti táìmù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi lọ́jọ́ yẹn.