Bí iná bá lọ lórí eré, ṣé sítíárìn ò ní gan?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Corolla 2010 ni mo fi ń lọ Èkó láti Ìbàdàn. Réwáyà kan tú u wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kò sí kébù kankan lẹ́yìn pẹdà tí mo fi ń sáré, pé iná ni gbogbo ẹ̀, títí kan sítíárìn. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí iná bá lọ lórí eré, ṣé sítíárìn ò ní gan? Ṣé ọkọ̀ ò sì ní máa sá lọ fúnra ẹ̀? (Ìyá Olùkọ́, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ ǹlẹ́ mà. Òótọ́ ni réwáyà yẹn sọ nípa pẹdà. Ti sítíárìn ni kò rí bẹ́ẹ̀ tán.

Nínú ọkọ̀ àtijọ́, ẹsẹ̀ yín ló ń fa kébù, kébù á wá ṣí ìdérí pẹlẹbẹ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Nínú tiyín, ẹsẹ̀ kì í fa nǹkan kan mọ́, iṣẹ́ ló ń rán. Sẹ́ńsọ̀ ara pẹdà á sọ fún brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, brain box á rò ó, á wá pàṣẹ fún motor kékeré tó ń ṣí ìdérí náà. Kì í ṣe nǹkan tuntun o. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni BMW ti ń ṣe é.

Sẹ́ńsọ̀ yẹn kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni, wáyà mẹ́ta mẹ́ta. Bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì bá ta kora, brain box á tan iná check engine, á sì dín agbára ọkọ̀ kù. Bí iná bá kúrò lára motor, sípíríǹgì á dá ìdérí padà síbi tó ṣí díẹ̀. Ọkọ̀ á kàn máa wọ́ ni. Ẹ lè máa tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní sáré.

Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ìròyìn àwọn Toyota tí wọ́n ní ó ń sá lọ fúnra ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2009 sí 2010. Ìjọba wọn ní kí NASA, àjọ wọn tó ń rí sí ìrìnàjò òfuurufú, yẹ iná ọkọ̀ náà wò. Nígbà tí àbọ̀ jáde ní February 2011, wọn ò rí àṣìṣe iná tó lè fa irú eré bẹ́ẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tó há pẹdà, àti pẹdà tí kì í tètè padà, ni wọ́n tọ́ka sí. Nítorí náà, bí ẹ bá tẹ́ rọ́bà lórí kápẹ́ẹ̀tì ìdí sítíárìn, ẹ yọ ọ̀kan lónìí. Bí pẹdà bá sì há lórí eré, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má fún un léraléra, ẹ fi gíà sí N, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ tó pa á.

Ó wá ku sítíárìn. Irin ṣì wà láti ọwọ́ yín dé táyà. Motor tó wà lára ọ̀pá rẹ̀ kàn ń bá yín tì í ni: sẹ́ńsọ̀ á wo bí agbára tí ẹ fi yí i ṣe pọ̀ tó, motor á fi tiẹ̀ kún un. Bí iná bá lọ, ìrànlọ́wọ́ ló lọ. Sítíárìn á wúwo, pàápàá tí ọkọ̀ bá ń rọra rìn, ṣùgbọ́n táyà á ṣì gbọ́ tiyín. Tesla Cybertruck ni irin yẹn ò sí nínú ẹ̀, tiyín kọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń ṣiṣẹ́, alternator ló ń pèsè iná, kì í ṣe bátìrì nìkan. Tí àmì bátìrì bá tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ tètè wá ibi dúró.

Ohun tó lè ti sítíárìn pa ni kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ lórí eré. Ẹ má dán an wò láé.

Nǹkan kan tún kù. Corolla yín kì í lo òróró sítíárìn. Mẹkáníìkì tó bá gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ bi í pé ibo ló fẹ́ dà á sí.